Ìjì Ti Kọjá Lọ, Ta Ló Mọ Bó Ṣe Le Tó?

Ní kùtùkùtù ọjọ́ 24 oṣù kẹjọ ọdún 1992 ni ìjì Andrew gúnlẹ̀ sí gúúsù ìpínlẹ̀ Florida, ní ìsàlẹ̀ ìlú Miami. Ó wó ilé débi pé àwọn kan kò dá àdúgbò tí wọ́n ti ń gbé tipẹ́ mọ̀ mọ́. Àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ kọ ọ́ sílẹ̀ pé afẹ́fẹ́ rẹ̀ ń sáré máìlì 145 ní wákàtí kan nígbà tó gúnlẹ̀, èyí tó fi sí ìpele 4 nínú ìpele márùn-ún tí wọ́n fi ń to àwọn ìjì ńlá. Bẹ́ẹ̀ ló wà nínú ìwé fún ọdún 10. Nígbà tó di oṣù kẹjọ ọdún 2002, National Hurricane Center ní Miami, ilé-iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń ṣọ́ ìjì, tún ọ̀rọ̀ náà gbé yẹ̀ wò, wọ́n ní máìlì 165 ni, ìpele 5. Ìjì tó ti lọ tipẹ́, tí àwọn tó ba ilé wọn jẹ́ ti kọ́ òmíràn, ni wọ́n fi máìlì 20 kún agbára rẹ̀.

Mo fẹ́ràn ìtàn yìí gan-an, mo sì máa ń sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni tó bá fún mi láyè. Àwọn kan máa ń gbọ́ ọ bí ìtàn àwọn tí kò mọ iṣẹ́ wọn. Lójú tèmi, òdìkejì rẹ̀ ni.

Kò sẹ́ni tó purọ́ lọ́dún 1992. Bàálù tó ń wọ inú ìjì lọ wọn afẹ́fẹ́ Andrew ní òkè, ní nǹkan bíi ẹsẹ̀ bàtà 10,000, ó sì bá a ní nǹkan bíi máìlì 186. Ṣùgbọ́n ta ló ń gbé níbẹ̀ yẹn? Afẹ́fẹ́ ìsàlẹ̀ la fẹ́ mọ̀, èyí tó ń kọlu òrùlé àti fèrèsé. Nígbà náà, ìgbàgbọ́ wọn ni pé nǹkan bíi ìdá 75 sí 80 nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́ òkè ló ń dé ìsàlẹ̀. Láti ọdún 1997 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ju ẹ̀rọ kékeré kan tó ní GPS sílẹ̀ láti inú bàálù. Yóò máa sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ la ìjì já, yóò máa fi ìròyìn afẹ́fẹ́ ránṣẹ́ títí yóò fi bọ́ sínú òkun. Nígbà tí wọ́n kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ jọ, wọ́n rí i pé nínú ògiri ìkùukùu tó yí ojú ìjì, ìyẹn àárín gbùngbùn rẹ̀, ká, afẹ́fẹ́ ìsàlẹ̀ máa ń tó ìdá 90 afẹ́fẹ́ òkè. Ẹ fi 186 ṣe ìṣirò náà, ẹ ó bá a ní nǹkan bíi 165. Ohun tí bàálù rí lọ́dún 1992 kò yí padà. Òye àwa èèyàn nípa ohun tó rí ló yí padà.

(Andrew yìí, ọ̀dọ̀ wa ló ti wá. Ìgbì afẹ́fẹ́ àti òjò kan tó kúrò ní etíkun Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ní ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ ló bí i. Irú ojú ọjọ́ tó ń rọ òjò àti ààrá lé wa lórí nílé yìí ló máa ń wọ òkun lọ, tí òmíràn nínú rẹ̀ á sì di ìjì ńlá kó tó dé òdìkejì.)

Èèyàn lè bèèrè pé kí ló dé tí wọn kò kàn wọn afẹ́fẹ́ nílẹ̀ kí ọ̀rọ̀ parí. Òǹkà tí wọ́n ń pè lórí tẹlifíṣọ̀n ní ìtumọ̀ tó le: òun ni afẹ́fẹ́ tó lágbára jù lọ nínú gbogbo ìjì náà, tí a wọn fún odindi ìṣẹ́jú kan, ní gíga mítà 10, níbi tí igi tàbí ilé kò ti dí i lọ́nà. Ibi tí afẹ́fẹ́ yẹn wà nínú ìjì kò fẹ̀ rárá. Ìjì lè bo odindi ìpínlẹ̀ kan, síbẹ̀ kí ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ tó burú jù gbà kọjá má ju máìlì díẹ̀ lọ. Kí ẹ̀rọ kan ṣe kòńgẹ́ ibẹ̀, orí ire ni. Bó bá sì ṣe kòńgẹ́ rẹ̀, ibẹ̀ náà ni ibi tí ẹ̀rọ ti ń kú.

Ìlú Galveston ní Texas rí èyí ní ọjọ́ 8 oṣù kẹsàn-án ọdún 1900. Ẹ̀rọ tí ilé-iṣẹ́ ojú ọjọ́ gbé sórí òrùlé ka máìlì 100 ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, kí afẹ́fẹ́ tó já a gbé lọ. Lẹ́yìn náà ni èyí tó burú jù ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Bàrómítà wọn, ẹ̀rọ tó ń wọn ìwúwo afẹ́fẹ́, kò bàjẹ́ (bí òǹkà rẹ̀ bá ṣe kéré tó ni ìjì ṣe le tó), ó sì ka ínǹṣì 28.48, tó jẹ́ nǹkan bíi mílíbà 964, ṣùgbọ́n ojú ìjì náà kò gba orí ibẹ̀ kọjá, ìwọ̀-oòrùn ìlú ló gbà. Àwọn tó tún un yẹ̀ wò lẹ́yìn náà fi ojú bù ú pé yóò tó mílíbà 936 láàárín gbùngbùn rẹ̀, tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ yóò sì tó nǹkan bíi máìlì 140. Nǹkan bíi èèyàn 8,000 ló kú, òun ló sì pa èèyàn jù lọ nínú gbogbo àjálù ojú ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Kódà iye àwọn tó kú gan-an, àwọn kan ní 6,000, àwọn kan ní 12,000.

Lọ́dún Andrew, ẹ̀rọ àwọn onímọ̀ fúnra wọn kò mórí bọ́. Ìjì náà gbé rédà kúrò lórí òrùlé ọ́fíìsì wọn ní Coral Gables. Ní Perrine, onílé kan ní ẹ̀rọ tó ń wọn afẹ́fẹ́ lórí ilé tirẹ̀. Ó ń wò ó bó ṣe ń gòkè títí ó fi ka máìlì 212, lẹ́yìn náà ìjì ba ẹ̀rọ náà jẹ́. Ṣé kí a gbà á gbọ́? Wọ́n mú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lọ sínú yàrá tí wọ́n ti ń fẹ́ afẹ́fẹ́ líle sí nǹkan láti dán an wò, wọ́n rí i pé ó máa ń ka àkàlé bí afẹ́fẹ́ bá ti le jù. Wọ́n wá dín 212 yẹn kù sí 177. Ẹ̀fúùfù ojijì ni 177 ọ̀hún, kì í ṣe ti odindi ìṣẹ́jú kan, nítorí náà kò ṣeé gbé sójú kan náà pẹ̀lú 165. Ìdí nìyí tí mo fi ń bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ yìí. Wọn kò sọ pé aráàlú lásán ni onílé náà, wọn kò sì gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ láìwádìí. Wọ́n dán ẹlẹ́rìí wò, wọ́n sì gba ìwọ̀n tó yẹ nínú ẹ̀rí rẹ̀.

Houston ni mò ń gbé, kò jìnnà sí Galveston, ìlú tí àwa ọmọ Yorùbá pọ̀ sí. Nígbà tí ìjì Ike ń bọ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2008, gbogbo fóònù tí mo gbé, ìpele ni wọ́n ń bèèrè. Ìyá mi pè láti Ìbàdàn: “Àkànní, ìpele mélòó ni wọ́n pè é?” Ẹ̀gbọ́n kan nínú ẹgbẹ́ wa tó ń gbé nítòsí omi tiẹ̀ ní òun ò lọ síbì kankan.

“Àbúrò, ìpele 2 ni. Mo ti rí jù bẹ́ẹ̀ lọ.”

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ẹ má bèèrè ìpele. Omi ni kí ẹ bèèrè.”

Ọkàn mi kò balẹ̀ àfìgbà tí ìyàwó wọn gba fóònù, tí wọ́n ní àwọn ti ń di ẹrù. Ike gúnlẹ̀ ní ọjọ́ 13 pẹ̀lú afẹ́fẹ́ máìlì 110. Ìpele 3 bẹ̀rẹ̀ láti 111. Kò sí ẹ̀rọ láyé yìí tó lè fi máìlì kan ya ìjì sọ́tọ̀, ṣùgbọ́n orí máìlì kan yẹn ni àwọn èèyàn gbé ìpinnu ẹ̀mí wọn lé. Omi òkun tí ìjì náà tì wọlé sí Bolivar Peninsula tó ẹsẹ̀ bàtà 15 sí 20, ó gbá àdúgbò mìíràn lọ pátápátá, ó ku òpó ilé nílẹ̀. Títí di ìgbà náà, omi àti ìwúwo afẹ́fẹ́ ṣì wà lára òṣùwọ̀n ìpele tí Herbert Saffir, ẹnjiníà, àti Robert Simpson, onímọ̀ ojú ọjọ́, ṣe. Nígbà tó fi máa di ọdún 2010 wọ́n ti yọ àwọn méjèèjì kúrò, ó ku afẹ́fẹ́ nìkan. Ó dára bí wọ́n ṣe yọ ọ́, nítorí omi àti afẹ́fẹ́ kì í fìgbà gbogbo rìn pọ̀. Ó wù mí kí gbogbo ẹni tó ń gbé etí òkun mọ̀ pé wọ́n ti yọ ọ́.

Ti àwọn ìjì àtijọ́ ló wá ṣòro jù. Fáìlì kan wà tí wọ́n kó gbogbo ìjì òkun Atlantic sí láti ọdún 1851, ẹni tó bá wù lè gbà á sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ẹ bá ṣí i, ìjì àkọ́kọ́ tí ẹ ó rí ni èyí tó gúnlẹ̀ sí Texas ní ọjọ́ 25 oṣù kẹfà ọdún náà. Lẹ́tà L tí ẹ ó rí níbẹ̀ dúró fún ìgúnlẹ̀. Wọ́n kọ 80 síbi afẹ́fẹ́, nọ́ọ̀tì 80, nǹkan bíi máìlì 90. Síbi ìwúwo afẹ́fẹ́ wọ́n kọ -999, èyí tó túmọ̀ sí pé kò sí nǹkan tí wọ́n rí kọ. Bí ẹ bá ń yí ojú ìwé náà lọ, -999 lẹ ó máa rí, ìlà lórí ìlà, fún ọdún púpọ̀. Ṣùgbọ́n ibi afẹ́fẹ́ kò ṣófo rí. Ẹnì kan jókòó, ó ro ó, ó sì kọ nǹkan sí i.

Ọ̀kan nínú àwọn tó jókòó bẹ́ẹ̀ ni José Fernández-Partagás, ọmọ Kúbà tó ń gbé ní Miami. Inú ilé ìkàwé ló ti ń ṣiṣẹ́, ó ń tú ìwé ìròyìn àtijọ́ àti ìròyìn àwọn atukọ̀, ó ń wá ibi tí wọ́n ti dárúkọ afẹ́fẹ́, ibi tí ọkọ̀ ti rì, wákàtí tí afẹ́fẹ́ yí padà láti ìlà-oòrùn sí gúúsù ní ìlú kan. Bí afẹ́fẹ́ bá yí padà báyìí ní ìlú yìí, tó yí padà lọ́nà mìíràn ní ìlú kejì, a mọ̀ pé àárín wọn ni ojú ìjì gbà. Ó kú lọ́dún 1997, kó tó rí bí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe di ìpìlẹ̀ àtúnyẹ̀wò tí Chris Landsea, onímọ̀ ìjì, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe sórí gbogbo ìwé náà. Àwọn wọ̀nyí kò bo ohun tí wọn kò mọ̀ mọ́lẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ gbangba pé agbára ìjì tó wà lójú agbami láàárín 1851 sí 1885 lè fi nǹkan bíi nọ́ọ̀tì 25 yàtọ̀ sí òótọ́, àti pé níbi tí èèyàn ti ń gbé létí òkun, ó lè fi 15 yàtọ̀. Nọ́ọ̀tì 25 tó láti gbé ìjì láti ìpele 1 bọ́ sí 3.

Bí a bá rí bàrómítà, ọ̀rọ̀ á sunwọ̀n díẹ̀. Bí ìjì bá ṣe ń le sí i ni ìwúwo afẹ́fẹ́ ń dínkù sí i ní ojú rẹ̀. Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹsàn-án ọdún 1935, ìjì kan kọlu àwọn erékùṣù kéékèèké tó wà nísàlẹ̀ Florida, ó pa èèyàn tó lé ní 400, ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ọmọ ogun àtijọ́ tí ìjọba kó lọ ṣe iṣẹ́ títì. Kò sí ẹ̀rọ kankan níbẹ̀ tó wọn afẹ́fẹ́ rẹ̀. Bàrómítà kan ló wà nínú ọkọ̀ ojú omi ní Craig Key, ó sọ̀ kalẹ̀ dé ínǹṣì 26.35, mílíbà 892. Wọ́n fi í ránṣẹ́ sí Washington, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò níbẹ̀, wọ́n sì rí i pé kò purọ́. Ohun tí a mọ̀ nípa agbára ìjì tó le jù lọ tó gúnlẹ̀ sí Amẹ́ríkà, ara irú ohun èlò kékeré bẹ́ẹ̀ la ti rí ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀.

Síbẹ̀, bàrómítà kò lè dá nìkan ṣe ẹlẹ́rìí. Ẹ wo Charley, tó gúnlẹ̀ sí Florida ní oṣù kẹjọ ọdún 2004 pẹ̀lú mílíbà 941, àti Sandy, tó gúnlẹ̀ sí New Jersey ní oṣù kẹwàá ọdún 2012 pẹ̀lú mílíbà 945. Mílíbà mẹ́rin ló wà láàárín wọn. Afẹ́fẹ́ Charley jẹ́ máìlì 150, ti Sandy jẹ́ 80. Charley kéré, ó ká agbára rẹ̀ jọ sójú kan. Sandy fẹ̀ lọ salalu, ó sì tú agbára rẹ̀ ká. Ẹni tó bá rí bàrómítà nìkan, tí kò mọ bí ìjì ṣe fẹ̀ tó, lè fi ìjì kan pe èkejì. Ti ọdún 1900 tàbí 1851, ta ló máa sọ bó ṣe fẹ̀ tó?

Ọ̀nà mìíràn ni kí a wo ohun tó bàjẹ́. Àwọn baba wa náà ń ṣe é. Wọ́n ń ki Ọya ní ẹ̀fúùfù lẹ̀lẹ̀ tí ń dá igi lókè lókè. Igi tó dá ni wọ́n fi mọ agbára rẹ̀, àwọn tó sì gbé orúkọ rẹ̀ dé Kúbà ṣì ń pè é ní olúwa ìjì lónìí. Ṣùgbọ́n igi tí ikán ti jẹ kò nílò ìjì, ilé tí wọn kò kan òrùlé rẹ̀ dáadáa yóò ṣí bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn Andrew, wọ́n rí ọ̀pọ̀ ilé tí iṣẹ́ àwọn tó kọ́ ọ kò pé. Ara ìdí nìyẹn tí kò fi rọrùn láti fi àwókù sọ ìpele, òun náà ló sì fà á tí Florida fi ṣe òfin ilé kíkọ́ kan fún gbogbo ìpínlẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹta ọdún 2002.

Katrina ni mo ń ronú lé jù. Ó gúnlẹ̀ ní ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ ọdún 2005. Wọ́n kọ́kọ́ kéde máìlì 140, ìpele 4. Nígbà tó di oṣù kejìlá, ìròyìn National Hurricane Center jáde pé 125 ni, ìpele 3, àti pé ó jọ pé afẹ́fẹ́ ìpele 1 tàbí 2 ni ọ̀pọ̀ ibi ní New Orleans rí. Inú bí àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn. Mo mọ ìdí rẹ̀. Ẹni tí omi lé gun òrùlé, tó sì sin ìyá rẹ̀, tí o wá sọ fún un pé ìjì náà kò le tó bó ṣe rò, yóò gbọ́ ọ bíi pé o ń sọ pé kò sí ohun tó ṣe é.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a fara balẹ̀ wo ohun tí òǹkà tuntun yẹn ṣe. Bó bá jẹ́ pé ìpele 4 ló wọ New Orleans, ẹnikẹ́ni lè ká ọwọ́ lẹ́yìn kó ní iṣẹ́ Ọlọ́run ni, kò sí ògiri ìdènà omi tó lè dúró. Nígbà tó di ìpele 3, tí afẹ́fẹ́ inú ìlú sì kéré sí i, ìbéèrè bẹ̀rẹ̀: kí ló wá wó ògiri? Ìwádìí fi hàn pé àwọn ògiri kan létí odò àtọwọ́dá inú ìlú ya lulẹ̀ kí omi tó dé orí wọn. Àbùkù iṣẹ́ ni. Afẹ́fẹ́ ti fẹ́, a ti rí fùrọ̀ adìyẹ. Ní Pass Christian ní Mississippi, níbi tí omi ti ga tó nǹkan bíi ẹsẹ̀ bàtà 28, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Òkun gan-an ló pa wọ́n níbẹ̀, nítorí ìjì náà ti jẹ́ ìpele 5 lójú òkun lọ́jọ́ kan ṣáájú, ó sì ti kó omi jọ kó tó rọ̀. Bí ẹ bá lẹ ìpele 4 mọ́ gbogbo rẹ̀ lórí, ìyàtọ̀ yìí ti pòórá, ẹni tó yẹ kó jẹ́jọ́ ti bá tirẹ̀ lọ. Fún ìdí èyí ni mo fi rò pé àwọn tó dín òǹkà Katrina kù ṣe oore fún àwọn ará New Orleans, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oore náà korò.

Ọ̀rọ̀ bóyá ìjì ń le sí i ju ti àtijọ́ náà wà níbẹ̀. Òkun tó ń gbóná ń fún ìjì lóúnjẹ, èmi kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n èèyàn kò lè kó àwọn ìpele inú fáìlì yẹn láti 1851 kó fi ya ìlà tó ń gòkè, kó pè é ní ẹ̀rí. Ọdún 1896 ni Miami ṣẹ̀ṣẹ̀ di ìlú. Ìjì tó gúnlẹ̀ sí ìsàlẹ̀ Florida ní ọdún 1860 lè jẹ́ ọmọ ìyá Andrew, kí ó sì jẹ́ pé ẹyẹ àti ẹ̀fọn nìkan ló rí i. Ọdún 1943 ni bàálù kọ́kọ́ mọ̀ọ́mọ̀ wọ inú ìjì, nígbà tí Joseph Duckworth gbéra láti Texas lọ wò ó. Ohun tó wà ṣáájú ìyẹn, ọ̀rọ̀ atukọ̀ tó ń sá fún un ni ọ̀pọ̀ rẹ̀.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ nìkan ni. Michael gúnlẹ̀ nítòsí Mexico Beach ní Florida ní ọjọ́ 10 oṣù kẹwàá ọdún 2018. Sátẹ́láìtì ń wò ó, rédà ń wò ó, bàálù wà nínú rẹ̀. Wọ́n ní máìlì 155. Ìpele 5 bẹ̀rẹ̀ láti 157. Ní oṣù kẹrin ọdún 2019, lẹ́yìn tí wọ́n kó gbogbo ẹ̀rí jọ, wọ́n ní 160 ni. Ó wá di ìkẹrin nínú àwọn ìjì tí ìwé sọ pé ó gúnlẹ̀ ní ìpele 5 sí ìpínlẹ̀ 48 tó so pọ̀ ní Amẹ́ríkà: ti 1935, Camille ti 1969, Andrew, àti Michael. Camille ba gbogbo ẹ̀rọ tó ń wọn afẹ́fẹ́ nítòsí ibi tó gúnlẹ̀ sí ní Mississippi jẹ́, máìlì 190 sì ni wọ́n ń pè é títí wọ́n fi tún un yẹ̀ wò lọ́dún 2014, tí wọ́n mú un wá sí 175. Ti 1935 wà ní 160 tẹ́lẹ̀, ó ti di 185 báyìí. Nínú àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kò sí ọ̀kan tí òǹkà àkọ́kọ́ tí wọ́n fún un ṣì wà lára rẹ̀ lónìí.